Ọjọ́ Tí Tíṣà Ò Béèrè Ilé Ta Ni

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìlaró lónìí, tí ẹ ń béèrè ilé ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè tiyín: ta ni yín, ibo lẹ ti wá, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn. Tíṣà Nathaniel ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, èmi Roheemat aránṣọ sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí mo bá rántí ohun tí ẹ̀kọ́ náà gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ wa, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn á fi ṣú.

Ojúlé wa kọjú síra. Géètì búlúù ni tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló wà níwájú tèmi. Ọdún mẹ́tàdínlógún la ti jọ ń kí ara wa láàárọ̀. Tíṣà fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti Ìlaró dé Àyétòrò dé Ìfọ́nyìntẹ̀dó, kó tó fẹ̀yìn tì. Èèyàn gíga ni, ó tínrín, ó sì máa ń ti ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò kódà nígbà tó bá ń ro ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ẹni tó kù sílé pẹ̀lú rẹ̀ ni Ìbídàpọ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Ìbídàpọ̀ ti ní àfẹ́sọ́nà kan rí. Ọkùnrin náà lọ sí Kánádà, ó ní òun máa ránṣẹ́ pè é. Ọdún kẹrin la rí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lórí fóònù, òun àti ẹlòmíì. Àtìgbà náà ni àdúrà Tíṣà ti di ẹyọ kan: kí ojú òun rí ọjọ́ tí ọmọ yìí máa wọ ilé ọkọ kí òun tó papò dà. Ó máa ń gbà á sókè ní ìdájí, mo sì máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń ṣe àlùwàlá. Èmi náà á bá a ṣe àmín láti ọ̀dọ̀ tèmi.

Bí iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe wọ ọrùn rẹ̀ nìyí. Ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo àdúgbò lọ síbi ìsìnkú, àwọn kan já ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n gbé máṣìnì méjì lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó wọlé ni ọkùnrin kan ti wá ń béèrè káàkiri: ilé aránṣọ dà, aago mélòó ló máa ń ṣí, ta ló ń bá a gbé. Ẹ̀yin náà mọ àwọn èèyàn wa, ọlọ́yàyà ni wọ́n. Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ sin olè náà débi fèrèsé mi, ó ní kó wo inú ilé wò.

Tíṣà pe ìpàdé sábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé rẹ̀, ó sì kó àwọn àgbà mẹ́ta lọ sí tẹ́ṣàn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìgbà náà ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ojú wa o. Ọlọ́pàá ò lè wà níbi gbogbo." Wọ́n fún un ní nọ́ńbà kan tó máa pè. Òun náà ra fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì kan, ó pín nọ́ńbà rẹ̀ fún gbogbo ilé, ó sì gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá rí àjèjì tó ń béèrè ilé onílé, kó pe òun.

Bí ẹ bá sì pè é, ìbéèrè mẹ́ta ló máa bi yín. Èèyàn mélòó ni? Kí ni wọ́n gùn wá? Ilé ta ni wọ́n ń béèrè? Títí ẹ ó fi dáhùn ìkẹta, kò ní pe ọlọ́pàá. Ó ní ilé tí wọ́n ń béèrè ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀, nítorí onílé ni òun máa kọ́kọ́ pè, kó sọ bóyá àlejò rẹ̀ ni. Nípa báyìí ó gba àìmọye àlejò sílẹ̀. Àna Ọlámipọ̀ ọlọ́kadà, àwọn wòlíì méjì kan, àti ọkùnrin tó wá ka mítà iná: gbogbo wọn ì bá ti sùn sí tẹ́ṣàn. A sì rí olè mú. A rí ọ̀kadà Ọlámipọ̀ gbà padà kó tó dé bọ́dà. Mi ò ní parọ́, àdúgbò tòrò.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ nípa ti ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ewúrẹ́ sọnù, wọ́n pe Tíṣà. Tọkọtaya ń jà, wọ́n pe Tíṣà. Ẹnì kan pè é nígbà ìsìn ọjọ́ Àìkú pé ẹ̀fúùfù ń mi géètì òun, bóyá olè ni. Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ ní "Ọlọ́pàá Ọ̀fẹ́," ó sì ń jẹ́ ẹ. Láàárín ọdún mẹ́jọ, ọ̀gá ọlọ́pàá márùn-ún ni wọ́n gbé wá tí wọ́n tún gbé lọ. Bí wọ́n bá ti gbé tuntun dé, Tíṣà á wọ kóòtù, á de táì, á lọ bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Màmá Toheebat, bíi kí n máa kọ́ ABD fún ọmọ tuntun náà ni. Àmọ́ àwọn ọmọ máa ń dúró tó ọdún kan, ó kéré tán."

Ó ti bẹ̀ wá pé kí ẹlòmíì gba fóònù yẹn. Ó bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì. A á ní, "Háà, Tíṣà, ta ló tó yín? Ẹ máa bá wa ṣe é, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá." A á wá gbé àga wa, a á lọ sílé. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo gbé àga tèmi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọkùnrin kan ti yọjú sí Ìbídàpọ̀. Alfred lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé nílé ìwé kan níhìn-ín, ará Pobẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ lódìkejì bọ́dà sì ni. Bàbá àti ọmọ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò bínú sí wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí ò tíì ta gbòǹgbò, a kì í gbé e síta, àgàgà fún ẹni tí Kánádà ti já jù sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ti ń ṣe é. Kí ẹbí ọkọ tó gbé iṣu àti ọtí wá tọrọ ọmọ, wọ́n á rán èèyàn wá ṣe ìwádìí. Wọn kì í dá ọjọ́. Wọn kì í wọ ilé ọmọ náà rárá. Aládùúgbò ni wọ́n máa ń bi: irú èèyàn wo ni wọ́n, ṣé wọ́n kì í jà, ṣé kò sí àrùn kan nínú ìdílé. Tíṣà mọ̀ pé wọ́n máa wá. Alfred ti sọ fún un pé àwọn ẹbí òun ti ń múra. Ọjọ́ tí wọ́n máa dé nìkan ni wọn ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Láti ìdájí ni Tíṣà ti lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì wò bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Ó tò sórí ìlà nínú oòrùn láti aago mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bẹ lára rẹ̀. Mo rí i nígbà tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Mo kí i pé ẹ kú àbọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó gba ẹnu géètì búlúù wọlé, ó ń di ògiri mú.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí ọ̀kadà míì dé. Nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ọkùnrin kan ló wà á, obìnrin àgbà kan ló gbé sẹ́yìn, arẹwà, ó wé gèlè kékeré, bàtà aláwọ rẹ̀ ń dán. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun rán etí ìró òun tó ya. Nígbà tí mo ń rán an, ó jókòó, ó ń wo òdìkejì títì.

"Ilé géètì búlúù yẹn mà dára o," ló wí. "Ta ló ni ín?"

Mo ní, "Kí ló dé, Ìyá?"

"Kò sí o. Mo kàn ní kí n béèrè ni. Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀? Ọmọbìnrin kan ńkọ́, ṣé ó máa ń tètè dé láti ibi iṣẹ́? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ara wọn le?"

Ẹ gbọ́ o! Ara wọn le! Nínú ọkàn mi mo ní, àwọn wọ̀nyí ti mọ̀ pé bàbá arúgbó àti ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá náà lè jà. Mo ní bóyá àwọn tí Tíṣà ti mú ẹgbẹ́ wọn ló rán wọn wá gbẹ̀san. Ó tún bi mí pé ṣé wọ́n kì í pariwo lé ara wọn lórí nínú ilé yẹn. Títí dòní ni mo ń bi ara mi pé, Roheemat, olè wo ló máa ń béèrè bóyá onílé ń bínú? Ṣùgbọ́n orí mi ti kún fún máṣìnì méjì. Mo fún un ní ìró rẹ̀. Ó dúpẹ́ ní Faransé, "Mèsí, ìyá wa." Wọ́n sún lọ sọ́dọ̀ Adéwùnmí tó ń ta èlùbọ́ níwájú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè níbẹ̀.

Mo gbé fóònù, mo pe Tíṣà.

"Tíṣà, àwọn kan ti dé o, wọ́n ń béèrè ilé onílé!"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń gbé lọ. "Èèyàn mélòó?"

"Méjì. Ọkùnrin kan, obìnrin kan."

"Kí ni wọ́n gùn?"

"Ọ̀kadà onínọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀dọ̀ Adéwùnmí ni wọ́n wà báyìí."

Mo ń dúró kó bi mí ní ìkẹta. Mo ti la ẹnu tán. Ó ní, "Ó dáa. Mo gbọ́," ó sì pa fóònù. Mo tún pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ní ó ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá ló ń pè. Mo ní ó dáa náà, ilé tiẹ̀ ni, bí wọ́n bá mú wọn, òun ló máa jàǹfààní rẹ̀. Mi ò pè é mọ́.

Ọjọ́ tí a bá ń wá ọlọ́pàá bí ojú, mọ́tò wọn kì í sábà ní epo. Ọjọ́ yẹn, kí n tó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n ti dé. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí àwọn àlejò náà wá ṣàlàyé ara wọn ní tẹ́ṣàn. Obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé eré ni. "Kòmísáríà, tẹ́ṣàn, lẹ fẹ́ gbé mi lọ? Èmi?" Gbogbo àdúgbò tú jáde wá wò ó, àwọn kan sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí Ọlọ́run má bi mí léèrè.

Ní tẹ́ṣàn, wọ́n bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní òun wá kí èèyàn. Ta ni? Kò sọ. Bí aṣèwádìí bá sọ ohun tó bá wá kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, ó ti dójú ti àwọn tó rán an, ó sì ti ṣí ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún ìtìjú. Ó pa ẹnu mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Ọkùnrin tó gbé e wá náà pa ẹnu mọ́. Lójú ọlọ́pàá, ẹni tí kò lè sọ ohun tó wá ṣe, afura ni. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn káńtà.

Ó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Adédọ̀tun tó pe Tíṣà pé kó wá kọ sítétímẹ́ǹtì, kó sì mú ẹni tó rí wọn dání. Tíṣà ti sùn díẹ̀. Ó de táì. A jọ lọ. Lójú ọ̀nà ó ń ṣàwàdà pé òun ti fi hàn wọ́n l'Ábẹ́òkúta pé òun ò tíì kú, ó tún ku kí òun fi han ọlọ́pàá.

Nígbà tí a wọlé, obìnrin yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn káńtà. Gèlè rẹ̀ ti wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì kó wọn pamọ́ sábẹ́ ìró tí mo bá a rán. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ṣí ìwé. "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Àwọn wọ̀nyí ò yanu láti ọ̀sán. Ilé ta gan-an ni wọ́n ń béèrè?"

Tíṣà mú bírò, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Màmá Toheebat, ilé ta ni?"

Mo ní, "Ilé yín ni, sà. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Mi ò rí i kí ojú èèyàn yí padà bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí sí obìnrin náà, ó yí sí mi, ó tún padà sí obìnrin náà. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ibo lẹ ti wá?"

"Pobẹ̀," ni obìnrin náà dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n bàbá Alfred ni mí."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó na gbọọrọ sórí ilẹ̀ tẹ́ṣàn níwájú obìnrin tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ń fà á dìde, ó ń ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé bàtà aláwọ yẹn wá, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Obìnrin náà wọ bàtà rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ dìde, Bàbá," ló wí. "Mi ò ní ohun búburú kan láti sọ nípa ilé yín. Gbogbo ẹni tí mo bi, kò sẹ́ni tó bà yín jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rán mi wá wo ibi tí ọmọ wa fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Bí mo bá délé, tí wọ́n bi mí pé níbo ni mo jókòó sí, kí ni kí n sọ?"

Ó pe ọkùnrin tó gbé e wá. Wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n gba ọ̀nà bọ́dà lọ.

Tíṣà rán pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ lọ sí Pobẹ̀, ó tún rán àwọn àgbà àdúgbò. Èmi náà bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pe fóònù. Wọ́n gbà wá tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, wọ́n fún wa lóúnjẹ, wọ́n sì ní àwọn ti dárí jì wá. Ọ̀rọ̀ kan ni olórí ẹbí wọn sọ kẹ́yìn: "A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́." Alfred wá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sunkún ní pálọ̀ Tíṣà bí ọmọdé, ó ní òun ò lè fẹ́ ìyàwó tí ẹbí òun ò ní wá tọrọ. Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ parí, ó gba ìlú rẹ̀ lọ.

Ìbídàpọ̀ ò pariwo, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi ni mo gbé ọbẹ̀ lọ sílé wọn lọ́jọ́ tí Alfred lọ, nítorí mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹun. Bàbá jókòó sórí àga, fóònù kékeré yẹn wà lórí tábìlì. Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́.

"Bàbá mi," ló wí, "ẹ máa ń béèrè ilé tí wọ́n ń béèrè. Ẹ máa ń béèrè fún gbogbo èèyàn."

Tíṣà ní, "Ó rẹ̀ mí ni, ọmọ mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ̀ mí."

Ó mi orí. "Ó rẹ èmi náà, Bàbá." Ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ọbẹ̀ sílẹ̀, mo jáde, mo sì sunkún dé ẹnu ọ̀nà mi. Inú bí mi sí ara mi, ó bí mi sí gbogbo àdúgbò tó fi ẹrù ogójì ilé lé ọkùnrin kan lórí fún ọdún mẹ́jọ.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Tíṣà gbé fóònù náà sórí tábìlì lábẹ́ igi fúrúùtù. Kò de táì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Ẹni tó bá wù ú kó mú un." Ó jókòó. Ọlámipọ̀ dìde, ó sọ bí Tíṣà ṣe bá òun gba ọ̀kadà padà. Adéwùnmí dìde, ó ṣàdúrà. Gbogbo wa ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Mo ní kí n na tèmi, ìtìjú mú mi: ta ló máa fọkàn tán èmi, lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?

Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún. Ó dún, ó ń yí lórí tábìlì. A ń wo ilẹ̀. Tíṣà dijú.

Géètì búlúù ṣí. Ìbídàpọ̀ jáde pẹ̀lú àpò omi tó fẹ́ pín fún wa, nítorí ilé wọn la ti ń ṣe ìpàdé, òun ló sì máa ń pín omi. Ó dúró, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé omi sílẹ̀, ó mú fóònù.

"Ẹ n lẹ́ o. Rárá, ọmọ wọn ni. Èèyàn mélòó? Kí ni wọ́n gùn?" Ẹni tó wà lórí fóònù ń sọ̀rọ̀ kánkán, ó fẹ́ pa fóònù. "Ẹ má tíì lọ o," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ẹ má tíì lọ. Ilé ta ni?"